Màrìwò Kẹjọ

“Ilé ìgbafẹ́ kò ní gba ẹ̀bi kankan bí ọmọ bá fara pa nínú odò tàbí lójú ọ̀nà inú igbó. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá wa lọ, kó kọ ‘Mo gbà’ sísàlẹ̀ níbí.”

Ìkìlọ̀ tí ilé ìwé àbíkẹ́yìn mi fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwa òbí ọmọ kíláàsì kẹrin nìyẹn, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kí wọ́n tó pe ìrun Àlásárì, òbí mọ́kàndínlógún ti kọ “Mo gbà”, òmíràn tiẹ̀ fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ tì í. Ilé ìwé fi fọ́tò kan sí i kí ibẹ̀ lè wù wá: ọ̀nà kan tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, màrìwò ọ̀pẹ tútù tí wọ́n ta dí ọ̀nà náà láti igi kan dé èkejì, àti obìnrin kan tó dúró lábẹ́ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo: “Màrìwò yẹn, ọ̀ṣọ́ ni àbí ìkìlọ̀?” Bàbá ọmọ kan dáhùn pé, “Màmá wa, ẹ máa gbádùn ayé yín o. Ọ̀ṣọ́ ni.” Ìyá ọmọ kan ní, “Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí rí afẹ́fẹ́ jàre. Bí ti yín bá le tó báyìí, ẹ ra àgò kẹ́ ẹ dé ọmọ yín mọ́bẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lè gba ojú rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí.

Mo rántí ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbafẹ́ kan létí odò, ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Kì í ṣe èyí tó wà nínú fọ́tò yẹn. Èyí tí mo ń wí ti kógbá sílé, igbó sì ti gba ọgbà rẹ̀ padà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ odò náà, nítorí odò kò ṣẹ̀ mí. Láti ilé wa ní Ìrẹmọ, màá gun ọ̀kadà, a ó gba Òkè-Ogbó kọjá, a ó já sójú ọ̀nà oko tí kò ní ọ̀dà. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni bí ilẹ̀ bá gbẹ, wákàtí kan ni bí òjò bá ti rọ̀. Yàrá ìfọṣọ ni wọ́n fi mí sí. Aṣọ ibùsùn yàrá méjìlá ni mò ń fọ̀, tí mò ń sá, tí mò ń lọ̀. Okùn tí mò ń sá wọn sí gùn láti ẹ̀yìn ilé ìdáná títí dé ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà nítòsí omi. Òórùn ọṣẹ àti òórùn ẹrẹ̀ odò pa pọ̀ lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, fi máa ń sọ pé òun ti ń gbóòórùn mi kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fún wa ní aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé tó ní àpò méjì, mo sì máa ń wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ ìsinmi mi pàápàá. Màá mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú agbo-ilé tí èrò bá ti pọ̀ jù lọ kọjá, kí wọ́n lè bi mí pé, “Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?” Ìwé girama ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí mi nínú aṣọ yẹn á rò pé èmi ni mo ni odò.

Àwọn àlejò ń wá láti Èkó, láti Ìbàdàn, àti láti yunifásítì tó wà nílùú wa. Òmíràn á wọ ọkọ̀ ojú omi, òmíràn á jókòó ti ìwọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán láìrí ẹja kankan mú, inú rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń torí rẹ̀ wá ni ọ̀nà inú igbó. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Ó tọ etí odò lọ, ó wọ abẹ́ àwọn igi ńlá tí oòrùn kì í dé ìdí wọn, ó gba orí afárá onígi kan tí àwọn àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko, ó sì yípo ní òdìkejì padà wá. Afinimọ̀nà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Fèrè máa ń wà lọ́rùn rẹ̀, ó mọ orúkọ ẹyẹ tó lé ní ogójì lédè òyìnbó, ó sì fi ọ̀dà funfun sàmì sára igi kí àlejò má baà ṣìnà. Ọmọlúàbí ni. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà mí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ kò dára fún un.

Ẹnu àlejò kan ni ọ̀rọ̀ màrìwò ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti Èkó sọ fún máníjà wa pé ibẹ̀ dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ilẹ̀ Yorùbá lójú òun. Ọ̀rọ̀ náà ta máníjà bí omi gbígbóná. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti pè wá jọ, ó ní ká lọ gé màrìwò ọ̀pẹ, ká ta á sí ẹnu géètì, sí yàrá ìjẹun, àti sí gbogbo ibi tí ọ̀nà inú igbó bá ti yà, kí àlejò lè máa tẹrí gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì máa ya fọ́tò. Èmi ni ó yàn fún iṣẹ́ náà. Ó ní ọwọ́ mi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìmọ̀ ni. Mùsùlùmí ni mí, Ẹdẹ ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Ìrẹmọ ni wọ́n bí mi sí, kò sì sí ọmọ tí wọ́n tọ́ ní agbo-ilé wa tí kò mọ ohun tí màrìwò tí a ta dí ọ̀nà ń wí. Ìyá mi kọ́ mi kí n tó mọ Fátíhà. Ó ní, “Bí o bá rí màrìwò lójú ọ̀nà, padà. Má bèèrè. Ẹsẹ̀ kò nílò àlàyé kó tó yí padà.” Ó lè jẹ́ pé àwọn olórò ló wà níwájú. Ó lè jẹ́ pé kànga àtijọ́ kan ló ya, tàbí pé ọdẹ kan dẹ pàkúté síbẹ̀, tàbí pé igi kan fẹ́ wó. Màrìwò kì í sọ èwo ni. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sọ: má kọjá. Màrìwò ni iná pupa ojú ọ̀nà oko.

Mo mọ gbogbo èyí, mo sì gbé àkàbà. Mo la màrìwò náà, mo fi ìka yà á fínnífínní bí ẹni ń ya irun ọmọ, mo ta á sí ibi méje lójú ọ̀nà inú igbó, gbogbo rẹ̀ ní ìhà tiwa, nítorí òdìkejì afárá kì í ṣe ilẹ̀ wa. Méje géérégé. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé èmi ni mò ń pààrọ̀ èyí tó bá gbẹ, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ iye aṣọ ibùsùn. Nígbà tí máníjà yìn mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, orí mi wú. Ó ní bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ bíi tèmi, Èkó á kó wá bá wa níbí.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò. Òun ló ń tún afárá yẹn ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, òun náà ló sì ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún ilé ìdáná wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó sọ odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀, ó wo òkè, ó wá wò mí.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?”

“Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ọ̀ṣọ́ ni.”

“Ọ̀ṣọ́.” Ó tún un sọ bí ẹni tí eyín rẹ̀ ba òkúta nínú ìrẹsì. “Ìyàwó, bí ẹ bá fi màrìwò ṣe ọ̀ṣọ́, kí ni àwa ó wá fi ṣe ìkìlọ̀?”

Máníjà ń kọjá lọ, ó gbọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ kan bàbá náà léjìká. “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí orò kankan níbí. Ẹ má bẹ̀rù.”

“Èmi kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rù,” ni bàbá wí. “Èmi ṣì ń rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ní rí i mọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù.”

Nígbà tó lọ tán, máníjà ní bí àwọn àgbà yìí bá rí ike tí afẹ́fẹ́ gbé kọ́ orí igi, wọ́n á ní òrìṣà ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló tiẹ̀ ga jù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Tiwa kò dúró di alẹ́. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ó ṣẹ.

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwé ọmọ mi pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀ nígbà ìsinmi àárín sáà. Mo fẹ́ kí ọmọ mi rí ibi tí mo ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí méjì: àwọn méjìlá á wọ ọkọ̀ ojú omi, àwọn méjìlá yòókù á rin ọ̀nà inú igbó. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, mo lọ ka àwọn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sómi. Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ìdè méjì nínú wọn sì ti já. Mo lọ sọ fún máníjà. Ó ní, “Ìyá Ìfọṣọ, ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ò ní pa mí! Ọkọ̀ náà kò tíì dà nù rí.” Olùkọ́ wọn tí mo pè lórí fóònù ló gbọ́ tèmi ní tirẹ̀, tó ní ìlàjì ìlàjì ni àwọn ọmọ á máa wọ ọkọ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú ọmọ mi kúrò lára àwọn tó ń wọ ọkọ̀, kí wọ́n fi í sára àwọn tó ń rìn. Ilẹ̀ ni, mo wí fún ara mi. Ènìyàn kì í rì sínú ilẹ̀. Ọgbọ́n mi nìyẹn. Bí mo bá rántí bí mo ṣe jókòó rò ó, tí mo gbé ọmọ mi kúrò nínú ewu tí mo rí, tí mo gbé e lọ sínú èyí tí èmi gan-an ti bá wọn bo ojú rẹ̀, ara mi a gbóná títí di òní.

Òjò ti rọ̀ lókè odò fún ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ dé, omi náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ó sì ń sáré. A kò mọ̀ pé bàbá àgbẹ̀ ti débi afárá ní ìdájí, ó sì ti rí i pé omi ti jẹ gbogbo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá dúró lókè, kò ní rí ohun tó ṣe é. Igi wà níbi tó ń wà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó gbé e dúró mọ́. Bàbá ṣe ohun tó máa ń ṣe bí afárá bá bàjẹ́. Ó gé màrìwò, ó ta á dí ọ̀nà ní ìdí afárá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò lọ gé igi tí yóò fi tún un ṣe. Kò wá sọ fún wa. Kí ló tún fẹ́ wá sọ? Ó ti sọ ọ́, ní èdè tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ fi ń sọ ọ́, kò sì sí ẹnì kan tó gbọ́ ọ rí tó ní kó túmọ̀ rẹ̀.

Mo ń sá aṣọ ibùsùn kẹfà nígbà tí olùkọ́ obìnrin kan mú ọmọ kan tí inú ń run padà bọ̀ láti inú igbó. Aláwàdà ènìyàn ni.

“Ìyá Ìfọṣọ, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o! Màrìwò yín làwọn ọmọ ń kà kiri. Afinimọ̀nà ní ẹni tó bá kà á pé láìfo ọ̀kan ló máa jẹ bisikíìtì. A ti ka mẹ́jọ.”

“Méje ni,” ni mo wí, n kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

“Mẹ́jọ ni, jàre. Àbí ẹ rò pé èmi tí mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò ò mọ ìṣirò ni? Èyí tó gbẹ̀yìn ló tiẹ̀ tutù jù. Ó kàn lọ sílẹ̀ jù ni, ńṣe ni gbogbo wa tẹ̀ ba ká tó kọjá, ẹ̀yìn ń dùn mí báyìí.”

“Níbo ló wà?”

“Ní ìdí afárá. Wọ́n ṣì ń wo ẹyẹ kan níbẹ̀, wọn ò ní pẹ́ sọdá.”

Mo ju aṣọ funfun náà sínú ẹrẹ̀. N kò rántí ibi tí mo bọ́ sálúbàtà sí. Ohun tí mo rántí ni pé mò ń ka màrìwò bí mo ṣe ń sáré gba abẹ́ wọn kọjá, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, iṣẹ́ ọwọ́ mi tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí ọ̀nà tí kò léwu kankan, títí mo fi ka méje. Mo sì rí ìkẹjọ. Kò jọ tèmi. Kò sẹ́ni tó fi ìka yà á. Wọ́n so ó ní kókó mọ́ igi méjì bí ẹni ń so ẹran, ó lọ sílẹ̀ dé àyà ènìyàn, ẹni tó so ó kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ padà fúnra rẹ̀, bí ìyá mi ti kọ́ ọ. Mo tẹ̀ ba, mo kọjá.

Afinimọ̀nà ń jẹ́ kí wọ́n sọdá ní méjì méjì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọmọ mẹ́fà ti dé òdìkejì. Ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lórí afárá. Mo fi gbogbo ohùn mi ké orúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ mi. Ó dúró láàárín afárá, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sókè ní ọwọ́ méjèèjì.

“Mọ́mì! Mẹ́jọ!”

Ìdí afárá lọ lábẹ́ wọn. Kò dún bí ohun tó já. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá mí kanlẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ igi, afinimọ̀nà sì kó sómi fà á jáde. Ọmọ mi kò rí nǹkan dì mú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Omi gbé e. Mo rí aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì rí i mọ́. Mo wọ inú omi, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Omi ti dé ọrùn mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀: “Mo ti mú un! Ìyàwó, jáde nínú omi! Mo ti mú un!”

Bàbá àgbẹ̀ ni, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó dúró sínú omi dé àyà. Igi gígùn tó gé láti fi tún afárá ṣe ló tì sójú omi, òun ló sì dá ọmọ mi dúró. Ó di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ òsì ọmọ náà ti kán ní ibi méjì láàárín igi àti òkúta, ṣùgbọ́n ó ń sunkún, ó ń ké bí ọmọ tuntun. N kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó ẹkún yẹn rí.

Bàbá gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì wo afinimọ̀nà tí omi ń kán lára rẹ̀. Kò bínú. Ó yà á lẹ́nu ni.

“Ṣé ẹ ò rí màrìwò ni?”

“A rí i, Bàbá,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. “A kà á.”

Ní ọjọ́ kẹta, tí ọmọ mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, máníjà ránṣẹ́ pè mí. Ó ti kọ ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹni tó ni ilé ìgbafẹ́, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo kà á láti òkè délẹ̀, bí mo ṣe máa ń ka gbogbo nǹkan. Ó kọ pé ìyá ọmọ náà ló pariwo, tí ọmọ fi dúró lórí afárá. Apá ibẹ̀ kì í ṣe irọ́, òun ló sì wọ̀ mí lára jù. Kò tíì sí ọ̀sẹ̀ kan láti ìgbà náà tí n kò bi ara mi bóyá ì bá ti sọdá ká ní mo pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ tẹ̀ lé e ni pé màrìwò mẹ́jọ ni ilé ìgbafẹ́ ta sójú ọ̀nà náà fún ọ̀ṣọ́, àti pé kò sí ìkìlọ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

“Méje ni mo ta, sà.”

“Ìyá Ìfọṣọ, ẹ jọ̀ọ́. Méje, mẹ́jọ, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?”

“Ọ̀kan tó lé yẹn ni ìkìlọ̀, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí orí mi. “Àlàájà! Pẹ̀lú híjáàbù lórí! Ẹ̀yin náà tún gba màrìwò gbọ́?”

Mo ní, “Sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́. Pátákó tó wà lára tiransifọ́mà, ṣé ẹ máa ń gbàdúrà sí i ni? Ṣùgbọ́n ẹ kì í fọwọ́ kàn án.”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní bí bàbá yẹn bá fẹ́ kìlọ̀, kí ló dé tí kò kọ ọ́ sórí pátákó lédè òyìnbó bí ẹni tó lajú? Ó ní kí tiẹ̀ ni bàbá yẹn ń wá lójú ọ̀nà àwọn? Lójú ọ̀nà àwọn! Ọ̀nà tí àwọn bàbá àgbẹ̀ náà fi àdá là kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé àlejò lè wá wo ẹyẹ níbẹ̀! Wọ́n rìn wọ inú ilé onílé, wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ògiri, nígbà tí onílé wá lanu láti sọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kò sọ nǹkan kan. Mo mú ìwé kékeré mi jáde, mo ṣí i síbi tí mo kọ “méje” sí, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní bí n kò bá fọwọ́ sí i, kí n má padà wá lọ́la.

N kò fọwọ́ sí i. Mo gbé àkàbà, mo wọ inú igbó, mo sì tú méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlejò kan bá mi níbi ìkẹrin, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà á kẹ́ ẹ tó tú u.” Mo tú u lójú rẹ̀. Èyí tí bàbá ta ni n kò fọwọ́ kàn. Mo fọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo lọ̀ ọ́, mo ká a, mo gbé e sórí tábìlì yàrá ìfọṣọ. Iṣẹ́ mi parí níbẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, afinimọ̀nà wá sílé wa ní Ìrẹmọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò fẹ́ dìde. Bisikíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni tó bá kà á pé, ọmọ mi sì kà á pé. Ọmọ mi fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó sì bi í pé, “Búọ̀dá, ṣé ìwọ náà fẹ́?” Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, Yorùbá pọ́nńbélé. Ó ní, “Màmá, ọjọ́ àṣà ilé ìwé nìkan ni mo ti ń rí màrìwò láti kékeré. Wọ́n máa ń ta á sórí pèpéle tí a ó ti jó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó ń sọ̀rọ̀.” Mo ti to èébú sílẹ̀ fún un láti oṣù kan. N kò rí ìkankan lò. Ta ló kọ́ ọ, tí kò kọ́ ọ ní èyí? Àwa ni. Àwa tí a mọ̀ ọ́n, tí a gbé àkàbà.

Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í nà tán. Bí ó bá fẹ́ di gèlè, èmi ni mo máa ń bá a mú etí kan, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì bi í, á ní òun kàwé jù ni ọwọ́ òun fi wọ́. Bàbá àgbẹ̀ ti kú, kì í ṣe omi ló pa á, ọjọ́ ogbó ni. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ohun tó sọ, pé ojú wa kò ní rí màrìwò mọ́, ń tàn kálẹ̀ ni. Mo rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àpèjẹ. Mo rí i ní géètì ilé ìwé jẹ́léósinmi. Ní ọ̀nà Mayfair nílùú wa níbí, mo rí èyí tí wọ́n fi ike ṣe, lẹ́nu ilé oúnjẹ kan, tí wọ́n fi iná tó ń ṣẹ́jú yí i ká. Ọmọ tó bá fi ọdún mẹ́wàá gba abẹ́ irú èyí kọjá lọ jẹ ìrẹsì, ọjọ́ wo ló máa tó dúró fún èyí tí àgbẹ̀ bá fi ìdájí so?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọ lọ sétí odò. Ọmọ tí kò bá mọ igbó, igbó á ṣe é léṣe lọ́jọ́ tó bá bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìgbafẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú màrìwò kúrò lójú ọ̀nà tí kò léwu. Òdòdó wà, ìkòkò wà, aṣọ òkè wà, ẹ fi ìyẹn ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ kan gbé ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà inú igbó, ẹ wá ẹni tó ń gba ọ̀nà náà lọ sóko lójoojúmọ́, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe jí lọ́jọ́ náà. Bó bá ní kẹ́ ẹ padà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà.